Báńdéèjì Tí Wọ́n Ní Ológbò Jẹ

Ọjọ́ tí Ogada kọ́kọ́ rí Nyakio, inú ààtàn ló wà. Ẹ gbọ́ mi yé o, Nyakio ló wà nínú ààtàn, kì í ṣe Ogada. Ó wọ kóòtù funfun bíi ti dókítà, ó wọ bàtà òjò tó dé orúnkún, ó tẹ̀ mọ́ òkìtì èèpo edé tí àwa ará etí adágún Naivasha máa ń dà nù lẹ́yìn ibi tí a ti ń dín ẹja, ó sì ń ṣà á sínú àpò bí ẹni ń ṣa wúrà. Eṣinṣin bò ó bí ìborùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹyẹ apárí ńlá kan ń bọ̀, èyí tí gbogbo èbúté ń pè ní Alága torí bó ṣe máa ń dúró bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìpàdé. Bí obìnrin náà bá gbé ẹsẹ̀, Alága á gbé ẹsẹ̀. Bó bá dúró, Alága á dúró, á wá wo ọ̀kánkán bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.

Ẹja epìyà ni Ogada ń dín lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òun àti ìyá bàbá rẹ̀ ló jọ ni agbada yẹn. Abuya lorúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Dani, ìyá àgbà, ni gbogbo èbúté ń pè é.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú iṣẹ́ ẹja dídín: ojú ẹni gbọ́dọ̀ wà nínú agbada. Ojú Ogada wà ní ààtàn. Ó mú ẹja tó tóbi jù, ó jù ú sílẹ̀ láti òkè àyà, òróró sì fò dìde bí ẹni tí wọ́n bú ìyá rẹ̀, ó bà lé apá òsì rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

Igbe tó ké, àwọn erinmi inú adágún gbọ́ ọ.

Àwọn obìnrin tó ń dín ẹja nítòsí sáré dé. Ọ̀kan gbé ọṣẹ ìfọyín wá, èkejì gbé ẹyin, ẹ̀kẹta ti ń rin ọ̀dùnkún. Ká ní wọ́n ráyè ni, apá Ogada ì bá di oúnjẹ àárọ̀.

"Ẹ má fi nǹkan kan kàn án!"

Obìnrin inú ààtàn ló ń sáré bọ̀ yẹn, bàtà òjò rẹ̀ ń pariwo gbọ̀bọ̀gbọ̀bọ̀, Alága ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbá apá Ogada mú, ó fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣí i.

"Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn sí i. Ogún ìṣẹ́jú."

"Ogún ìṣẹ́jú? Ẹ̀yin náà á dúró?"

"Èmi ni mo di apá yín mú. Àbí kí n fi ọwọ́ mi sílẹ̀ fún yín kí n máa lọ?"

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ọgbọ̀n."

Ó bu ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ̀ ń wò tí òróró fi dà sí yín lára?"

"Ẹyẹ yẹn ni."

"Ẹyẹ?"

"Ẹ ò rí bó ṣe rẹwà ni?"

Àwọn méjèèjì yíjú wo Alága. Èépá wà lórí rẹ̀, irùngbọ̀n edé kan rọ̀ létí ẹnu rẹ̀.

"Ó rẹwà lóòótọ́," obìnrin náà wí. "Ó jọ yín."

Báyìí ni Ogada ṣe jóná lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ti òróró àti ti ẹnu. Ti ẹnu ló wọlé jù.

Iṣẹ́ ìwádìí ni Nyakio ń ṣe ní ọsibítù kan láàárín ìlú, nínú yàrá kékeré kan tó ń rùn bí ọbẹ̀ edé tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ibẹ̀ ló mú Ogada lọ, ó sì fi nǹkan kan hàn án, fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, téèyàn lè fi wo oòrùn.

"Báńdéèjì nìyí. Èèpo edé yín ni. A sè é, a lọ̀ ọ́, a yọ́ ọ, a dà á sórí gíláàsì kó gbẹ. Oògùn wà nínú rẹ̀ tó ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe máa ń sun lára ìkòkò amọ̀. Kò ní jẹ́ kí egbò kẹ̀, awọ tuntun á sì rí ibi gùn lé."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń ṣí i lọ́sẹ̀?"

"A kì í ṣí i." Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tíì gbígbóná dà sí ìyá mi lọ́wọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń ṣí báńdéèjì aláṣọ yẹn, àràárọ̀ ni awọ tuntun ń bá a lọ. Èmi ni mo máa ń di ọwọ́ kejì mú. Mo wá ní lọ́kàn pé lọ́jọ́ kan màá ṣe èyí tẹ́nì kankan ò ní ṣí."

Ogada, tó ti ní àwàdà mẹ́ta létè, gbé wọn mì.

"Ogún èèyàn ni mo nílò láti fi dán an wò," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bí tiwọn bá jiná bó ṣe yẹ, wọ́n á fún wa láyè láti máa lò ó ní gbogbo wọ́ọ̀dù. Mo ti rí mọ́kàndínlógún; ẹni ogún ni yín, tẹ́ ẹ bá gbà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta lẹ ó máa wá. Ẹ má fi ohunkóhun sí i nílé. Tí mo bá sì bi yín pé ṣé ó ń dùn yín, òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ. Ohun tó bá ti ẹnu yín jáde ni mo máa kọ sílẹ̀."

Ogada gbà. Ó fọwọ́ sí ìwé náà bí ẹni ń ra ilẹ̀.

Nígbà tó délé, Dani yẹ apá náà wò, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Èèpo edé tí mò ń dà nù láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ lápá yìí?"

"Òun ni, Dani."

"Èmi Abuya wá jókòó lórí òkìtì oògùn, orúnkún sì ń ro mí pa!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Ogada jí, kò rí báńdéèjì. Ó gbọn aṣọ ìbora, ó gbé bẹ́ẹ̀dì. Kò sí. Ó bojú wolẹ̀, ó rí Sájẹ́ntì, ológbò Dani, tó jókòó pẹ̀sẹ̀, tó ń lá ètè.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ológbò, èèpo edé, ètè lílá. Kí ni adájọ́ tún ń wá?

Ó ki Sájẹ́ntì mọ́lẹ̀, ó dì í sínú apẹ̀rẹ̀ ẹja, ó gun bódàbódà, ọ̀kadà wọn níbẹ̀, lọ ọsibítù. Ọlọ́kadà gba owó èèyàn méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ológbò tó ń pariwo tó yẹn kì í ṣe ẹrù.

"Dókítà, mo mú olè wá!"

Nyakio ṣí apẹ̀rẹ̀. Sájẹ́ntì fò jáde, ó jókòó sórí ìwé àkọsílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ojú.

"Òun ló jẹ báńdéèjì mi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ là á níkùn, ẹ ní sùúrù kí n yíjú sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ ni wá tẹ́lẹ̀."

Nyakio rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. Nígbà tó rí èémí mí, ó fa apá Ogada wá sójú fèrèsé. Àwọ̀ tó pọ́n tẹ́lẹ̀ ti ń rọlẹ̀, etí egbò ti ń súnmọ́ ara wọn.

"Ẹ wò ó. Ó ti yọ́. Ara yín ló jẹ ẹ́. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn."

"Ara mi ni olè?"

"Ara yín ni. Ó yá, ẹ tọrọ àforíjì."

"Lọ́wọ́ yín?"

"Lọ́wọ́ Sájẹ́ntì."

Ogada dọ̀bálẹ̀ fún ológbò lójú nọ́ọ̀sì méjì. Sájẹ́ntì wò ó, ó kọ̀yìn sí i.

"Ìwọ Ogada yìí," Nyakio wí, ó ń nu ojú, "o ò gbádùn."

Bí "ẹ" ṣe bọ́ nù nìyẹn o, láàárín ẹ̀rín, Nyakio fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ogada mọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn délé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà jìn, ológbò wà léjìká rẹ̀.

Látìgbà náà, ìbẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń di wákàtí kan. Ogada á gbé epìyà díndín wá nínú ìwé ìròyìn, Nyakio á bu tíì onímílíìkì sínú ife méjì, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn yàrá náà.

"Ẹja yìí mà níyọ̀ o."

"Omijé mi ni. Láti àná ni mi ò ti rí ẹ."

"Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ní kó o máa wá, ìwọ ń wá lọ́jọ́ méjì méjì."

"Òǹkà ò yé mi. Ilé ìwé girama ni mo ti já, ọdún kejì."

Kó tó lọ, Nyakio á gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé etí egbò, á tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á bi í léèrè. "Ṣé ó ń dùn ẹ́?" Ogada á dáhùn, Nyakio á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó máa ń ṣe Ogada bíi kí ìbéèrè yẹn gùn tó ojú irin Mombasa.

Ọjọ́ karùndínlógún, egbò ti pa ojú dé. Awọ tuntun ti bò ó, ó ń dán bí etí ife.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì," Nyakio wí. Bírò ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Lẹ́yìn ìyẹn, o ti jiná nìyẹn. O ò ní wá mọ́."

Ogada gbọ́ ọ bí ìgbà tí adájọ́ bá gbá òòlù. Gbogbo ọjọ́ kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún ló fi ń rò ó. Bí egbò bá jiná, ọ̀nà dí. Kí ló wá lè mú kí egbò má jiná tán? Ó wo tábìlì tí wọ́n ti ń pèsè ẹja. Ata gbígbẹ wà níbẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ má bi mí. Ìfẹ́ tí kò bá sọ èèyàn di ọlọ́gbọ́n, yóò sọ ọ́ di ọbẹ̀.

Ọjọ́ kejìdínlógún, apá náà pọ́n bí ojú ọ̀mùtí, ó wú díẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Ó ń dùn mí." Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n omijé yẹn kì í ṣe irọ́, ata ni.

Ojú Nyakio yí padà. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ya fọ́tò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Wá lọ́la. Wá lọ́túnla náà."

Ojoojúmọ́! Ogada fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ata náà ṣe ọ̀rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń rà á. Kò kíyè sí i pé Nyakio ò bá a rẹ́rìn-ín mọ́, pé tíì ń tutù nínú ife láìsí ẹni tó mu ún.

Lọ́jọ́ kọkànlélógún, ó bá a tó dúró sídìí ibi ìfọwọ́, ojú rẹ̀ pọ́n ju apá Ogada lọ.

"Ta ló ṣe ẹ́?"

"Èmi ni mo ṣe ẹ́," Nyakio wí. "Bóyá oògùn ń yára jáde jù. Bóyá mi ò fọ èèpo yẹn tó. Mo ti tún un sè lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mi ò rí àṣìṣe. Dókítà Barmasai, ọ̀gá wa, ní bí ẹnì kan nínú ogún bá wú láìnídìí, dandan ni ká dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa jókòó lé e lórí. Ọdún mẹ́ta, Ogada. Èyí tó tún burú jù ni pé mo ṣe ẹ́ léṣe. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Ó ń bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó jẹ̀bi ni wọ́n ń bẹ̀.

Ẹja tó wà lọ́wọ́ Ogada wá wúwo bí òkúta ọlọ.

"Ata ni," ó wí.

"Kí ni ata?"

"Ata gbígbẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Èmi ni mò ń fi ra á. Egbò ti jiná láti ọjọ́ karùndínlógún. Kò sí nǹkan tó ṣe báńdéèjì ẹ."

Nyakio ò pariwo. Ó gbé ife tíì méjèèjì, ó dà wọ́n nù, ó fọ̀ wọ́n, ó dojú wọn dé.

"Ẹ máa lọ, Ọ̀gbẹ́ni Ogada."

"Nyakio..."

"Mo ní kẹ́ ẹ máa lọ."

Kò sí ata tó ta bí "ẹ" yẹn.

Nígbà tí Dani gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó kọ́kọ́ wá ṣíbí ńlá tó fi ń yí ẹja.

"O fi ata ra ara rẹ, o fi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ṣé ẹja ni ẹ́ ni? Kò wá ku nǹkan kan mọ́ àfi iyọ̀!"

"Mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, Dani."

Ṣíbí sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni Dani jókòó, tó mí kanlẹ̀. "Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ lo bà jẹ́ lójú àwọn àgbà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Tó o bá lọ tún un ṣe létí rẹ̀ nìkan, o ò tún nǹkan kan ṣe. Ibi tó o ti ya aṣọ ni kó o ti rán an."

Lọ́jọ́bọ̀, èèyàn márùn-ún jókòó yí tábìlì ká, Dókítà Barmasai ni alága wọn. Ó pá lórí, ó ga, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn. Ogada wò ó, ó rántí ẹyẹ kan, ó pàṣẹ fún ẹnu ara rẹ̀ pé kó dákẹ́. Nyakio jókòó ní ìkángun, kò gbójú sókè. Dani dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá.

"Ẹ̀yin àgbà, irọ́ ni mo pa," Ogada wí. Ó gbé agolo ata sórí tábìlì. "Kẹ́ ẹ má baà rò pé òun ló rán mi, ẹ wò ó." Ó ká ọwọ́ aṣọ ọ̀tún sókè, apá tí òróró ò kàn rí, ó fi ata àti ọsàn náà ra á.

Wọ́n dúró. Ata gba inú yàrá kan. Akọ̀wé sín, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sín, gbogbo ìgbìmọ̀ bá ń sín lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìdajì wákàtí pé, Barmasai mú rúlà, ó wọn apá ọ̀tún, ó gbé fọ́tò apá òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pípọ́n kan náà, wíwú kan náà.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, kí ló dé tó o fi ṣe báyìí?"

Àwàdà tó wà lẹ́nu Ogada tó méje. Kò lo ìkankan.

"Mo rò pé tí mo bá jiná, mi ò ní rí i mọ́."

Akọ̀wé sín.

"A yọ orúkọ rẹ kúrò," Barmasai wí níkẹyìn. "Irọ́ rẹ ti ba apá yẹn jẹ́ fún wa. Nyakio á wá ẹni ogún míì. Iṣẹ́ ń lọ."

Ní ìta, Nyakio kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dé ìdí àtẹ̀gùn, ó dúró, kò yíjú padà.

"Apá ọ̀tún yẹn, ẹ lọ fi omi ṣàn án. Ogún ìṣẹ́jú."

Ó lọ.

Ogada ò lọ bá a mọ́. Kò kọ lẹ́tà, kò rán nọ́ọ̀sì kankan. Ohun tó ṣe ni pé kò jẹ́ kí èèpo edé dé ààtàn mọ́. Ojoojúmọ́ ló ń gbà á lọ́wọ́ àwọn obìnrin èbúté, á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á yọ ẹran tó kù lára rẹ̀, á sá a sórí ẹní. Tó bá gbẹ, á kó o sínú àpò, á gbé e sẹ́nu géètì ọsibítù láàárọ̀, á pa dà sídìí agbada. Alága, nígbà tí kò rí nǹkan jẹ ní ààtàn mọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e káàkiri bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù.

Lẹ́yìn oṣù kan àti ọjọ́ mélòó kan, bàtà òjò kan dún gbọ̀bọ̀gbọ̀bọ̀ létí èbúté. Ogada gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà nínú agbada. Ó yí ẹja náà, ó yọ ọ́, ó pa iná. Ìgbà yẹn ló tó yíjú.

Nyakio dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó ń wo èèpo edé tó funfun gbòò nínú oòrùn.

"Ta ló ń gbé àpò sẹ́nu géètì wa?"

"Alága ni."

"Ó mọ èèpo fọ̀ ju ìwọ lọ." Ó ṣa èèpo kan. "Mo rí ẹni ogún. Obìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń gbin òdòdó, omi gbígbóná ló bó o lẹ́sẹ̀. Ó jiná lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti gbà fún wa, Ogada. Gbogbo wọ́ọ̀dù."

Ogada fẹ́ fò sókè, ó rántí pé òun ò tíì gba ìdáríjì, ó jókòó pa dà sórí àpótí.

"Mo bínú sí ẹ gan-an," Nyakio wí. "Mo sì bínú sí ara mi. Ọjọ́ tí mo ní o ò ní wá mọ́, mo wo egbò yẹn tó pa ojú dé, inú mi bà jẹ́. Irú dókítà wo nìyẹn? Ìwọ fi ata sí i. Èmi, ọkàn mi ni mo fi sí i."

"Kí n wá ṣe kí ni báyìí? Ara mi yá."

"Èèyàn lè wá sọ́dọ̀ mi láìní egbò. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni. Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè níbẹ̀."

Dani, tó ti ń ṣe bí ẹni ń ka ẹja láti ọjọ́ yìí, wí pé, "Àwọn méjì yìí mà ti pẹ́ jù o. Ẹja tutù."

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn òjò ńlá, Ogada, Dani àti àwọn àgbà èbúté méjì gun òkè Kinangop lọ sílé bàbá Nyakio láti tọrọ rẹ̀, àwọn pẹ̀lú ewúrẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n mú wá. Ìyá Nyakio ló kọ́kọ́ pàdé wọn. Ọwọ́ rẹ̀ kan hun jọ, awọ rẹ̀ ká bí ewé tó gbẹ. Ó wo Ogada látòkè délẹ̀.

"Ṣé ẹni oníata nìyí?"

"Èmi ni, mà."

"A ti kó gbogbo ata ilé yìí pamọ́. Ẹ wọlé."

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn nìyí: wọ́n á gbé igbá ọtí oyin fún ọmọbìnrin lójú gbogbo àgbà. Tó bá tọ́ ọ wò, tó gbé e fún bàbá rẹ̀, ó ti gbà. Tó bá gbé e kalẹ̀, kí àlejò máa da ewúrẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá fi ọwọ́ tó hun jọ yẹn gbé igbá fún Nyakio. Nyakio gbà á. Kò tọ́ ọ wò.

Ewúrẹ́ kan wúkọ́. Dani di ṣíbí tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mú.

Nyakio rìn wá síwájú Ogada, ó fi ọwọ́ kan gbé igbá, ó fi èkejì ká ọwọ́ aṣọ òsì rẹ̀ sókè. Ó gbé àtàǹpàkò lé ibẹ̀, níbi tí awọ ti dọ́gba, tí kò ku nǹkan kan bí kò ṣe àwọ̀ tó mọ́ díẹ̀ ju ti yòókù lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá," Ogada wí. "Kò dùn mí. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Màá kọ ìyẹn náà sílẹ̀," Nyakio wí. Ó gbé igbá sẹ́nu, ó mu ún, ó sì gbé e fún bàbá rẹ̀.